Ẹ Wá Ẹni Tí Yóò Ṣì Í Ṣe Lójú Yín

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ sì kú àfiyèsí. Àkọlé tí wọ́n fún mi gùn díẹ̀: bí èèyàn ṣe lè ti ìdí iṣẹ́ kọ́ ìṣètò ìkọ́ni àti ìgbékalẹ̀ kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù. Ìtàn kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ìtàn náà ò sì pọ́n mi lé rárá.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà, ẹ̀kọ́ kan ni, lórí bí àgbàlagbà ṣe lè fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nílé. Ilé ìwòsàn kan ló gbé e fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lórí rẹ̀. Sílàìdì 43 ni mo ṣe. Mo ya ọkàn pupa kan tó ń mì, mo ya iṣan ẹ̀jẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà òkè ń sọ àti ohun tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń sọ, mo ka ohùn sí i, mo tilẹ̀ fi orin sí i. Ìbéèrè mẹ́wàá ló wà níparí. Gbogbo ẹni tó wò ó ní ọ́fíìsì ló ń yìn mí, orí mi sì wú.

Bàbá kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún ló kọ́kọ́ lò ó. Ó fara balẹ̀ wò ó tán, ó gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Mo gbé ẹ̀rọ sí iwájú rẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ wọn tiyín kí n rí i."

Bàbá wé aṣọ ẹ̀rọ náà lé orí ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn tó wọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé itan. Bí ẹ̀rọ sì ṣe ń fa atẹ́gùn sínú, ó ń sọ fún mi bí ẹ̀kọ́ mi ṣe dùn mọ́ ọn tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ti ń rẹ́rìn-ín. Ara ìhòòhò ló yẹ kí wọ́n wé e mọ́. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fara ti àga, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kí wọ́n gbé apá lé nǹkan kó lè ga dé ibi tí ọkàn wà, kí ẹnu sì dákẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tí bàbá ṣe yẹn ló lè gbé nọ́ńbà náà sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkùnrin tó mọ ohun tí ìfúnpá jẹ́, tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀, kò lè wọ̀n ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà, lílo kọ̀ǹpútà ni mo fi kọ́. Ìṣẹ́jú méjì tí mo fi wo bàbá náà ló kọ́ mi ní ìṣètò ìkọ́ni. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ àkànṣe tí kò bá ní akẹ́kọ̀ọ́ nínú, èèyàn ẹlẹ́ran ara tó lè ṣì í ṣe lójú yín, kò lè kọ́ yín ní iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ẹ jẹ́ ká tètè ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ni ìpinnu lórí ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ àti ohun tó yẹ kó lè ṣe, èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀lé e, láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù tàbí ọdún. Ìṣètò ìkọ́ni sún mọ́ ilẹ̀ ju ìyẹn lọ: nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí, kí ni yóò fọwọ́ ṣe, ta ni yóò sọ fún un pé ó ṣì í, báwo la ó sì ṣe mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan láìmọ èkejì yóò ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò kọsẹ̀.

Àwọn tó fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí lélẹ̀ gan-an, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n kọ. Ẹ wo Ralph Tyler, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà. Láti 1933 títí di 1941, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama bí 30 tí wọ́n gbà láyè láti yí ètò ẹ̀kọ́ wọn padà. Tyler ló darí ìgbéléwọ̀n rẹ̀. Àmọ́ báwo lẹ ṣe fẹ́ fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ilé ẹ̀kọ́ tí ohun tí wọ́n ń lépa yàtọ̀ síra? Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kéèyàn kọ́kọ́ bi olùkọ́ léèrè pé, kí lẹ fẹ́ kí ọmọ yìí lè ṣe gan-an? Nígbà tó fi máa di 1949, ó ti sọ ọ́ di ìbéèrè mẹ́rin tí gbogbo wa ṣì ń bi ara wa dòní: kí la fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí mú jáde? Ìrírí wo ló lè mú un jáde? Báwo la ó ṣe to àwọn ìrírí náà tẹ̀ léra? Báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ti jáde lóòótọ́? Ó dà bí ohun tí ọmọdé lè ronú kàn. Ẹ mú ẹ̀kọ́ èyíkéyìí tẹ́ ẹ ti kọ́ èèyàn rí, kẹ́ ẹ dáhùn wọn lórí rẹ̀ láìpurọ́ fún ara yín, ẹ ó rí i pé ìbéèrè kẹrin máa ń dá èèyàn dúró.

Robert Gagné ńkọ́? Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ni. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, ó ń wá bí wọ́n ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ ogun dáadáa. Ní 1962 ó kọ ọ̀rọ̀ kan tó bí àwọn kan nínú, torí ohun tó sọ ni pé àwọn òfin nípa ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kà ní yunifásítì kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́ nígbà tó dé ibi iṣẹ́. Ó ní ohun tó wúlò jù ni kéèyàn tú iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ni palẹ̀ wẹ́wẹ́, kó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó sì tò ó bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí torí pé ó gbà pé ohun tóun kà já òun kulẹ̀ níbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ADDIE, lẹ́tà márùn-ún tí ẹnikẹ́ni tó bá wọ iṣẹ́ yìí máa ń gbọ́ lọ́jọ́ kìíní: ìtúpalẹ̀, ìṣètò, ṣíṣe é, lílò ó, ìgbéléwọ̀n. Ọ̀dọ̀ ológun lòun náà ti wá. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Florida ló ṣe ìlànà tó bí i fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní 1975, ìpele 5, ìgbésẹ̀ 19. Mi ò bá ADDIE jà. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tó ti sọ ọmọlúàbí di akọ̀wé lásán: ó jókòó kọ ojú ewé 20 lórí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sọ̀rọ̀ rí. Ìtúpalẹ̀ rẹ̀ pé, àtẹ rẹ̀ gún régé, akẹ́kọ̀ọ́ ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ bàbá mi.

Nígbà tí ojú tì mí tán, mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó dáyé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ń wọn ìfúnpá fún mi, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn." Ó ka márùn-ún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n dúró sí igun yàrá, kí n máa wò ó bó ṣe ń ṣe é fún aláìsàn. Mo ka mẹ́tàlá.

Kí ni mẹ́jọ tó kù? Ó bi aláìsàn náà, obìnrin kan, bóyá ó fẹ́ tọ̀. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì. Ó tì í léjìká díẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè kan àga. Ó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ rọra kan ẹsẹ̀ tó gbé lé ara wọn kó lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ká aṣọ kan, ó fi sábẹ́ apá rẹ̀. Ó jókòó tì í, kò ṣe nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, èmi sì rò pé ó ń sinmi ni. Obìnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀, ó na ìka sí ètè. Nígbà tó rí nọ́ńbà, kò tíì kọ ọ́, ó dúró díẹ̀, ó tún un wọ̀n. Nígbà tí mo ka àwọn wọ̀nyí sí i létí, ó wò mí bí ẹni pé mo ń parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ṣé mo ṣe ìyẹn ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí sílẹ̀ bẹ́ ẹ kò bá tiẹ̀ kọ nǹkan mìíràn. Ohun tó ti mọ́ ọ̀gá lára, ọ̀gá kì í rántí sọ ọ́. Kì í ṣe pé ó ń fi pamọ́. Ó ti kúrò lẹ́nu, ó ti di ti ọwọ́. Bẹ́ ẹ bá fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀gá iṣẹ́ lẹ́nu wò, tẹ́ ẹ wá lọ fi ohun tó sọ ṣe ẹ̀kọ́, ìdá díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lẹ ó kọ́ni, ìdá tí akẹ́kọ̀ọ́ ì bá sì rí kọ́ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ lọ wò ó níbi tó ti ń ṣe é. Ẹ wo ẹni méjì tàbí mẹ́ta, torí ọ̀gá kan á máa ní àṣà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kẹ́ ẹ fi ìwé méjèèjì wéra.

Èròńgbà ẹ̀kọ́ mi tẹ́lẹ̀ ni pé "akẹ́kọ̀ọ́ yóò lóye ìfúnpá." Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ lọ wo tiyín. Òye kò ṣeé fojú rí. Láti 1962 ni Robert Mager, onímọ̀ nípa ìṣètò ìkọ́ni, ti sọ pé èròńgbà tó dáa máa ń ní nǹkan mẹ́ta: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe, ipò tí yóò wà tó bá ń ṣe é, àti bó ṣe gbọ́dọ̀ dára tó ká tó gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Mo tún tèmi kọ: "Bí a bá fún un ní ẹ̀rọ, àga àti tábìlì, láìsí olùrànlọ́wọ́, yóò wọn ìfúnpá ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi ó kéré tán ìṣẹ́jú kan sáàárín méjèèjì, yóò kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, kò sì ní fo ọ̀kankan nínú ohun mẹ́fà tó wà lórí ìwé àyẹ̀wò." Kí n tó ya àwòrán kankan, ìwé àyẹ̀wò ohun mẹ́fà yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀yìn la ti ń bẹ̀rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀kọ́ méjì, Grant Wiggins àti Jay McTighe, ni wọ́n sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀ọ́ká ní 1998: pinnu àbájáde, pinnu ẹ̀rí tí yóò jẹ́ kó o gbà pé ó ti wáyé, kó o tó pinnu ohun tí wọn yóò ṣe nínú kíláàsì.

Ìwé àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ mi báyìí, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi sílàìdì kọ̀ọ̀kan pé, èwo nínú ohun mẹ́fà yìí lo wà fún? Méjìdínlógójì kò rí èsì fún mi. Ọkàn mi pupa tó ń mì, tó gba ọjọ́ méjì gbáko lọ́wọ́ mi, lọ. Orin lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju ìwé pẹlẹbẹ kan tó ní àwòrán mẹ́fà, àti ìdánrawò ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́. Àwòrán tí mo fi síwájú gbogbo rẹ̀ ni ti ọkùnrin kan tó ń ṣe é bí bàbá ṣe ṣe é, ẹni tó ń kọ́ ọ ni yóò tọ́ka sí àṣìṣe rẹ̀.

Ẹni tó ń lanà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Mo rò pé mo ti ṣe é tán. Mo gbé e fún ẹni mẹ́ta mìíràn. Ìyá kan dé ibi tí mo kọ "kí ọwọ́ dọ́gba pẹ̀lú ọkàn," ó na apá rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ búra, ó gbé e dúró bẹ́ẹ̀, apá ń gbọ̀n, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ó ṣe ohun tí mo kọ láìyẹ̀ kan! Mo pa gbólóhùn náà rẹ́, mo kọ "gbé apá lé tábìlì," mo ya tábìlì sí i. Ìwé ìmọ̀ kankan kì bá tí fi ìyẹn hàn mí.

Ó yá, kí ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ yóò ṣe? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré tó fi jẹ́ pé ojú á fẹ́ tì yín. Ẹnì kan, ohun kan, ìṣẹ́jú 15. Ẹ kọ́ ẹnì kan bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ onígun mẹ́ta so apá tó ṣèṣe rọ̀ mọ́ ọrùn, tàbí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀dà fáìlì wọn pamọ́ sí ibòmíràn kí wọ́n má bàa bá kọ̀ǹpútà lọ tó bá bàjẹ́. Ẹ má lo kọ̀ǹpútà láti fi kọ́ni. Ẹ tú iṣẹ́ náà palẹ̀, ẹ kọ èròńgbà, ẹ ṣe ìwé àyẹ̀wò, ẹ kọ́ni, kẹ́ ẹ wá káwọ́ lẹ́yìn kẹ́ ẹ máa wò ó. Kíká ọwọ́ lẹ́yìn yẹn ló le jù. Bẹ́ ẹ bá fi ìka tọ́ ọ sọ́nà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ti ba ẹ̀rí jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ padà lọ, kẹ́ ẹ ní kó tún un ṣe. Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ará Jámánì, ti fi hàn láti 1885, orí ara rẹ̀ ló sì ti dán an wò, pé ohun téèyàn kọ́ máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ. Ẹ ó fojú ara yín rí i tó ń sá.

Iṣẹ́ kejì, kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan tuntun. Ẹ gba ẹ̀kọ́ kan tí ẹlòmíràn ti ṣe, kẹ́ ẹ gé e sí ìdajì láìjẹ́ kí èròńgbà rẹ̀ kú. Gígé ń kọ́ni ju fífi kún lọ, torí bẹ́ ẹ bá fẹ́ gé, ẹ ní láti mọ ìdí tí nǹkan fi wà níbẹ̀.

Ẹnì kan ti béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà pé irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà wo ni kóun kọ́kọ́ rà. Kò sí. Moodle, ètò kọ̀ǹpútà téèyàn fi ń gbé ẹ̀kọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti wà láti 2002, ọ̀fẹ́ ni, ó tó fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Bí èròńgbà yín bá dájú, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ ó fi kọ́ irinṣẹ́ èyíkéyìí tí ọ̀gá yín bá gbé lé yín lọ́wọ́.

Kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ jókòó tì díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rò pé iṣẹ́ àkànṣe ò ṣeé ṣe. Wọ́n á ní, "Ta ni yóò gbé odindi kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù fún èmi?" Àwọn kan gbé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún wa nígbà kan, èmi àti ẹnì kan: ẹ̀kọ́ fún àwọn tí wọ́n máa ń gbà láti tọ́jú arúgbó nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rin ni wọ́n fi tì wá: nọ́ọ̀sì, onímọ̀ nípa ìṣípòpadà ara, onímọ̀ oúnjẹ, àti agbẹjọ́rò. Ìpàdé àkọ́kọ́ di ìjà. Olúkúlùkù ló fẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní, olúkúlùkù ló fẹ́ ìdajì àkókò. Agbẹjọ́rò ní bí wọn ò bá mọ òfin, ẹ̀wọ̀n ni. Onímọ̀ oúnjẹ ní bí arúgbó ò bá jẹun, òfin wo ló kù?

Gbogbo wọn ló tọ̀nà, ìyẹn ló mú kó le. Bí ẹ bá bi ọ̀jọ̀gbọ́n pé kí ló ṣe pàtàkì, gbogbo ohun tó mọ̀ ni yóò kà fún yín. A yí ìbéèrè padà. A ní, "Ọjọ́ kìíní tí olùtọ́jú dá wà pẹ̀lú arúgbó, ilẹ̀kùn ti pa, kí ló lè ṣẹlẹ̀ tí kò ní lè dúró dìgbà tó bá béèrè?" Yàrá dákẹ́. Onímọ̀ ìṣípòpadà ló kọ́kọ́ fọhùn: arúgbó lè ṣubú níbi tí olùtọ́jú ti ń gbé e dìde lórí ibùsùn. Nọ́ọ̀sì ní oúnjẹ lè há a lọ́fun. Agbẹjọ́rò rò ó títí, ó wá ní, "Tèmi lè dúró dé ọ̀sẹ̀ kejì." Bí ọ̀sẹ̀ kìíní ṣe rí ara rẹ̀ tò nìyẹn.

Hilda Taba, onímọ̀ nípa kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù tó ti bá Tyler ṣiṣẹ́ nígbà ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ 30 yẹn, ní 1962 ni ó kọ ọ́ pé ìsàlẹ̀ ló yẹ kí kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ti máa bẹ̀rẹ̀: kí àwọn olùkọ́ ṣe ìpín ẹ̀kọ́ kékeré kan, kí wọ́n dán an wò nínú kíláàsì, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀ di odindi. Ọ̀pọ̀ ìjọba àti ilé iṣẹ́ ṣì ń ti òkè bẹ̀rẹ̀. Àwa gbọ́ràn sí Taba lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ kìíní nìkan la ṣe, a fi kọ́ ẹni mẹ́jọ, a sì tún un ṣe kí a tó fọwọ́ kan ọ̀sẹ̀ kejì.

Lẹ́yìn náà la ya àtẹ. Ohun tí olùtọ́jú gbọ́dọ̀ lè ṣe wà lápá kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wà lórí. Àmì mẹ́ta péré la lò: ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn án, ibi tó ti dánra wò, ibi tí wọ́n ti dán an wò. Ìwé kan ṣoṣo ni, ó sì tú àṣírí wa. Nǹkan kan wà tá a fẹ́ dán wọn wò lé lórí lọ́sẹ̀ karùn-ún tí kò sí ibì kankan tí wọ́n ti dánra wò ó. Nǹkan mìíràn wà tá a fi hàn wọ́n lọ́sẹ̀ kejì tí a ò padà sí mọ́, bẹ́ẹ̀ Jerome Bruner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti sọ láti 1960 pé ó yẹ kí ẹ̀kọ́ máa yí po bí ìgbín, kó máa padà sí ohun kan náà, kó sì máa jinlẹ̀ sí i. Èyí tó burú jù: kíkọ ìròyìn ojoojúmọ́, ohun tí arúgbó jẹ, oògùn tó lò, bó ṣe sùn. Gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rin ló gbà pé ó ṣe kókó. Olúkúlùkù rò pé ẹnì kejì ni yóò kọ́ wọn. Orí ìlà yẹn, láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkẹfà, funfun báláú.

Ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù fún yín kẹ́ ẹ tó ṣe èyí. Ẹ mú ètò ẹ̀kọ́ èyíkéyìí tí wọ́n tẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ ya àtẹ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ibi tó funfun. Ẹ wá mú ìlà funfun kan, kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀kọ́ fún un, kẹ́ ẹ gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan níbí ti fẹ́ bá mi jiyàn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Ní 2006, olùwádìí mẹ́ta, Paul Kirschner, John Sweller àti Richard Clark, kọ àpilẹ̀kọ kan tó ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀: pé jíju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sínú iṣẹ́ ńlá láìtọ́ ọ sọ́nà kò kọ́ ọ ní nǹkan tó pọ̀. Àyè tí ọpọlọ fi ń ro nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà kéré. Ẹni tó ń wá ọ̀nà, tó ń wá irinṣẹ́, tó ń wá ohun tí wọ́n ń bi í, kò ní àyè tó kù láti fi kọ́ ohunkóhun. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 15, tí mo fi ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíràn kẹ́ ẹ tó dá tiyín ṣe. Ẹ bẹ àwọn tó ti pẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ wọn hàn yín, èyí tó ti parí àti àwọn ẹ̀dà burúkú tó ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi yí ohun kọ̀ọ̀kan padà. Wákàtí kan bẹ́ẹ̀ lè gbà yín lọ́wọ́ oṣù kan. Ẹni tí kò ní ọ̀gá tó lè bá a wo iṣẹ́, kó wá ojúgbà méjì, kí wọ́n máa bára wọn wò ó.

Lórí ìgbéléwọ̀n, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Michael Scriven, onímọ̀ nípa ìgbéléwọ̀n, ló fún wa ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbéléwọ̀n tá a fi ń tún nǹkan ṣe nígbà tó ṣì wà lórí iná, àti èyí tá a fi ń dájọ́ rẹ̀ nígbà tó bá jinná, ní 1967. Donald Kirkpatrick, tó ṣiṣẹ́ lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ilé iṣẹ́, ti pín ìgbéléwọ̀n sí ìpele mẹ́rin ṣáájú, ní 1959: ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n, ṣé wọ́n ń lò ó níbi iṣẹ́, ṣé ó mú àyípadà kankan wá? Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í kọjá èkíní. Bàbá mi fẹ́ràn ẹ̀kọ́ mi. Ó tún mọ̀ ọ́n, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ìpele kẹta ló ti fọ́.

Bẹ́ ẹ bá ń kó iṣẹ́ yín jọ láti fi wá iṣẹ́, ẹ fi ẹ̀dà tó burú sí i. Èmi náà máa ń gbà èèyàn síṣẹ́. Fídíò tó ń dán gbinrin kì í sọ nǹkan kan fún mi. Ẹni tó bá gbé ìwé méjì síwájú mi, tó ní, "Bí mo ṣe kọ́kọ́ ṣe é nìyí, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe tó jẹ́ kí n yí i padà nìyí," mo ti ń wá àga fún un.

Ó ku ìtàn kékeré kan. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo lọ sílé bàbá láti wo bó ṣe ń wọn ìfúnpá rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ náà wà lára ògiri lókè tábìlì. Ó jókòó, ó fara ti àga, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó dúró, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó kọ ọ́. Kò fo nǹkan kan. Àmọ́ mo rí i pé wọ́n ti fi bírò fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ àwòrán karùn-ún. Èmi ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Má sọ̀rọ̀." Mo béèrè. Ìyàwó bàbá ní òun lòún pa á rẹ́, pé bàbá kì í sọ̀rọ̀ mọ́ tó bá ń wọ̀n ọ́n, àwọn ará ilé ni wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, tó sì máa ń dá wọn lóhùn torí kó má bàa dà bí ẹni tó ń fojú di wọ́n. Lábẹ́ ibi tó pa rẹ́, ó ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé, "Ẹ má bá a sọ̀rọ̀." Mo ya àwòrán ìwé náà, mo padà lọ tún tèmi ṣe. Bí ó ṣe kọ ọ́ ló wà níbẹ̀ títí dòní.